Katekísì, Ṣé Iṣẹ́ Ni Orin Kíkọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àṣìṣe tèmi ni. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀ sí ọmọ tiyín.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin parí ìdánrawò, opó kan tí ó ń ta gàrí ní ọjà Agbonou dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lọ tán. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 17, wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ohùn rẹ̀ ni ó sì máa ń yọ ju ti àwọn yòókù lọ nígbà tí a bá ń kọ Gloria. Ìyá náà kí mi, ó ní:

“Katekísì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ lọ kọ́ orin. Ó ní kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, ó ní orin kan tí wọ́n ń pè ní ọ́pẹ́rà. Mo bi í pé kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé ènìyàn lè fi jẹun?”

Ó ti rẹ̀ mí lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí oúnjẹ nínú ohùn.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé ọmọ náà dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò wá sí ìdánrawò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo rí i láàárín ìjọ, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, a ń kọrin, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ̀yin ará, oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi léèrè: èmi tí mo dáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀, kí ni mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà? Bí mo sì ti ń bi ara mi, ohun àtijọ́ kan jí nínú mi, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí mo wọ séminẹ́ẹ̀rì kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi lónìí kò ní gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi nígbà náà mọ́ gaara. Èmi ni wọ́n máa ń yàn láti dá kọrin lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ọ̀kan nínú àwọn Fadá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ó pè wá, ó fi orin Ave Maria tí Schubert ṣe sí i. Obìnrin kan ni ó ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga. A rò pé òyìnbó ni. Fadá fi àwòrán tí ó wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà hàn wá: adúláwọ̀ ni, Marian Anderson ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé èmi náà yóò kọrin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 14, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, bí ti gbogbo ọmọkùnrin. Àpótí ohùn tí ó wà ní ọ̀fun a máa dàgbà ní àkókò yẹn, okùn ohùn a máa gùn, a sì máa nípọn. Ó yẹ kí a sọ ohùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, kí a má fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì ti sún mọ́lé, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè gbé orin òkè náà. Ẹni tí ó ń darí wa ní kí n fi agbára gbé e. Mo fi agbára gbé e. Nígbà tí Àjíǹde fi dé, ohùn mi ti há pátápátá, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, dókítà kan yẹ̀ mí wò, ó ní okùn ohùn mi ti lápàá. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ katekísíìmù fi máa ń sín mi jẹ pé ohùn mi dàbí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata lórí ọlọ.

N kò dá ẹni tí ó darí wa lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà mo rí i kedere pé ọgbẹ́ mi ni ó dá ìyá ọmọ náà lóhùn. Nítorí pé tèmi bàjẹ́, mo ti fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, mo jókòó, mo kàwé, mo wádìí, kí n lè fún ìyá náà ní èsì tí ó yẹ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Ọ́pẹ́rà ni eré orí ìtàgé tí a ń fi orin ṣe. Ọba, ìránṣẹ́, ọ̀tá àti olólùfẹ́, orin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1600. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Odùduwà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó ni Hubert Ogunde ti bẹ̀rẹ̀ eré olórin tirẹ̀ ní ọdún 1944, Duro Ladipo sì gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1964. Ohun tí ó ya ọ́pẹ́rà òyìnbó sọ́tọ̀ ni pé akọrin rẹ̀ kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò borí ariwo ohun èlò orin tí ó lè tó 50 tàbí 60, tí yóò sì dé etí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kì í sì í pariwo. Ẹ̀kọ́ ni ó fi ń ṣe é.

Ẹ̀kọ́ náà gùn bí ẹ̀kọ́ àlùfáà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ti ń mí: bí a ti ń fi iṣan tí ó wà láàárín àyà àti ikùn di èémí mú, tí a ó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́ bí a ti ń ka àmì orin, yóò kọ́ dùùrù díẹ̀, yóò kọ́ bí a ti ń rìn lórí ìtàgé. Yóò kọ́ láti pe èdè Ítálì, Faransé àti Jámánì bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Olùkọ́ rere yóò sì kọ́kọ́ wádìí irú ohùn tí Ọlọ́run fún un: ti òkè ni, èyí tí wọ́n ń pè ní soprano, tàbí ti ìsàlẹ̀ tí í ṣe contralto, ní ti ọkùnrin, tenor ni tàbí bass. Ohùn kì í tètè gbó. Ọmọ ọdún 17 kò gbọdọ̀ gbé orin wúwo, ọ̀pọ̀ ohùn ńlá ni kì í sì í tó ojú orin bẹ́ẹ̀ títí olúwarẹ̀ yóò fi sún mọ́ 30 ọdún. Onílù tí ìlù rẹ̀ bá ya lè ra òmíràn. Akọrin kò lè ra ọ̀fun lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Marian Anderson, nítorí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá tí ó wá bá mi. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 1897. Nǹkan bí ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ń gba aṣọ fọ̀, ó sì ń nu ilẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan, kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lè jẹun. Nígbà tí Marian lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kan, wọ́n lé e padà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n dáwó jọ tí wọ́n fi san owó olùkọ́ fún un. Ẹ fiyè sí i: ìjọ onígbàgbọ́ lásán ni, àwọn náà kò lówó lọ́wọ́.

Ó kọrin káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1939, wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ó kọrin nínú gbọ̀ngán ńlá kan ní Washington nítorí pé adúláwọ̀ ni. Ó lọ kọrin ní ìta gbangba, níwájú ilé ìrántí Lincoln, ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. Àwọn ènìyàn tí ó wá tó 75,000, Ave Maria tí mo gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tí ó kọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ó tó gun orí ìtàgé ilé ọ́pẹ́rà Metropolitan ní New York, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kó ipa pàtàkì níbẹ̀. Ọmọ ọdún 57 ni nígbà náà. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1941, ìlú rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn 10,000 dọ́là. Owó náà ni ó fi dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ akọrin. Ẹni tí ìjọ dáwó fún ti di ẹni tí ń ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún 1993.

Ẹnìkan lè sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1940 ni wọ́n bí Joy Nwosu ní Enugu, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó lọ sí Róòmù láti kọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ orin Santa Cecilia, èyí tí a fi orúkọ ẹni mímọ́ tí í ṣe alágbàwí àwọn olórin pè. Ohùn soprano ni tirẹ̀. Ó padà wá sí Nàìjíríà, ó kọrin, ó ṣe àwo orin kan ní ọdún 1978 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Azania, nínú èyí tí ó da ẹ̀kọ́ Róòmù pọ̀ mọ́ ìlù ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba ọdún púpọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́, ní Yunifásítì Èkó. Nínú iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ti lọ sí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ bí a ti ń kọ́ ènìyàn ní orin, ní ọdún 1981.

Omo Bello náà wà, soprano tí ó dàgbà ní Èkó. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Yunifásítì Èkó kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ti Páríìsì. Mo sọ èyí fún àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò fi ìwé sílẹ̀ nítorí orin.

Ẹ̀yin ará, n kò fẹ́ fi adùn ọ̀rọ̀ tàn yín jẹ. Ní Tógò níbí, a kò ní ilé ọ́pẹ́rà. Ní òkè òkun pàápàá, ọ̀pọ̀ akọrin ọ́pẹ́rà kì í gba owó oṣù. Eré ni wọ́n ń gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ́kọ́ lọ kọrin níwájú àwọn tí ń yan ènìyàn. A lè kọ̀ wọ́n nígbà mẹ́wàá kí a tó gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí òtútù bá mú ọ̀fun lọ́jọ́ eré, owó ọjọ́ náà lè lọ. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ni: ní ilé ẹ̀kọ́, ní yunifásítì, nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí nínú yàrá ilé wọn.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbọ́ pé akọrin kan ti di olùkọ́, èmi a máa rò pé iṣẹ́ kò dára fún un mọ́ ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé nìkan kò lè kọ́ ènìyàn ní orin yìí. Láti ẹnu olùkọ́ dé etí akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi oríkì lé ọmọ lọ́wọ́. Bí akọrin kò bá kọ́ni, ohun tí ó mọ̀ bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ká ní olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo wà ní séminẹ́ẹ̀rì wa nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 14, gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ: “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi.” Ohùn mi ìbá wà.

Ìjọ pàápàá nílò irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àpérò Fatikáánì Kejì sọ ọ́ ní ọdún 1963, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọsìn mímọ́, pé kí a máa kọ́ àwọn akọrin àti àwọn ọmọ séminẹ́ẹ̀rì ní orin, kí a sì bu ọlá fún orin ilẹ̀ olúkúlùkù. Èdè wa tilẹ̀ ń bèèrè fún un. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń darí orin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan ní ọdún 1953 lórí orin Yorùbá. Ó rí i pé tí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ yóò yí padà. Ọkọ́ tí à ń fi roko lè di ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Lomé. Mélòó nínú orin tí à ń kọ ní Mísà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa Ifẹ̀ Atakpamé? Ẹni tí ó kọ́ orin dáadáa tí ó sì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni yóò bá wa tún wọn ṣe.

Nígbà tí mo ti ro gbogbo èyí tán, mo lọ sí ilé ìyá náà lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ forí jì mí. Mo yára dá yín lóhùn lọ́jọ́sí, èsì tí kò dára sì ni.” Mo pe ọmọ náà, mo bẹ òun náà. Àgbà kì í sábàá bẹ ọmọdé nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní katekísíìmù gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

A jókòó, a fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, yóò ṣe ìdánwò bákì rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni kò ní gbà á láìní i. Èkejì, kò ní fi agbára gbé orin òkè mọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ọ̀fun bá sì ń dùn ún, yóò dákẹ́, àní bí ó jẹ́ ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù yóò lọ sí Lomé lọ́dọ̀ olùkọ́ ohùn kan tí Fadá bá wa wá. Ẹgbẹ́ akọrin yóò san owó ọkọ̀, ìyá yóò wá ti olùkọ́.

Ìyá náà ro gàrí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó ní, “Katekísì, ẹ ti wá gbà pé iṣẹ́ ni nísinsìnyí?”

Mo ní, “Iṣẹ́ ni, Ìyá. Ó sì le.”

Ó ní, “Bí ó bá le, ẹ̀rù kò bà mí. Láti híhú ẹ̀gẹ́ dé bíbó rẹ̀, dé rírìn, dé fífún, dé sísẹ́, dé yíyan, èwo ni kò le? Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí ó má jẹ́ iṣẹ́.”

Ẹ̀yin òbí, gbogbo ọmọ tí ń kọrin kọ́ ni yóò gun orí ìtàgé, ọ̀pọ̀ ni kò ní gùn ún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ní ẹ̀bùn tí ẹ̀yin kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má fi ìbẹ̀rù tiyín dá a lóhùn. Ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè iye ọdún tí yóò gbà, ẹ béèrè iye owó, ẹ sì béèrè ohun tí ọmọ náà yóò jẹ bí kò bá rí eré gbà. Ẹ̀yin akọrin wa, ẹ má fi agbára mú ohùn àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn ń yí padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún Sẹ́ńtì Sesilia. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ akọrin yóò gbé igbá kan sẹ́nu ọ̀nà, nítorí owó ọkọ̀ Lomé. Ohun yòówù tí ọwọ́ yín bá ká, ẹ fi síbẹ̀. Ọmọ náà ti padà sí ìdánrawò. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́ nísinsìnyí, bí mo ti sọ fún un. Kí Olúwa tí ó fún un ní ohùn bá wa ṣọ́ ọ. Àmín.